Ìṣẹ́jú-Àáyá Mọ́kànlá Nínú Ẹ̀rọ Ìṣirò

Ojo ni mí. Mo fẹ́ kí ẹ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà rò pé ìgboyà ló mú mi ṣe ohun tí mo ṣe lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò lọ́jọ́ náà. Láti kékeré ni àyà mi ti ń já sí gbogbo nǹkan. Ajá aládùúgbò wa ní òpópónà Alibon, ní London níbí, ń dẹ́rù bà mí, bẹ́ẹ̀ eyín ẹnu rẹ̀ kò pé mẹ́rin. Bí olùkọ́ bá ń wá ẹni tí yóò dáhùn ìbéèrè, mo máa ń tẹ orí ba bí ẹni tó ń wá bírò nílẹ̀. Bí fóònù Mọ́mì bá sì dún láàárọ̀ kùtù, ọkàn mi á ti já wálẹ̀ kí ó tó gbé e, nítorí pé àsìkò yẹn gan-an ni ìròyìn burúkú máa ń ti ilé dé. Nígbà tí mo wá di ọmọ ọdún méjìdínlógún, ẹ̀rù mi kó kúrò níta, ó lọ ń gbé inú ẹ̀rọ ìṣirò.

Kì í ṣe ẹ̀rọ ìṣirò kékeré tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù máa ń tẹ̀ ni mò ń sọ. Èyí nípọn, ó gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, ojú rẹ̀ fẹ̀, ó sì lè ya ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ fún ọmọ ilé-ìwé tó ń ṣe ìṣirò gíga. Àlòkù ni. Ọwọ́ obìnrin kan níbi iṣẹ́ ni Mọ́mì ti gbà á fún mi, ó sì fi ṣẹ̀nílì, aṣọ múlọ́múlọ́ kan, rán àpò fún un kí ó má baà fọ́. Ihò róbótó kan wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ náà, tí wọ́n dá sí i kí èèyàn lè fi wáyà so ó mọ́ ẹ̀rọ ẹlòmíràn, kí ohun inú èyí lè kọjá sínú ìyẹn. Ihò yẹn jọ ihò tí a ń ki okùn etí fóònù bọ̀, ó kàn kéré sí i ni. Ọmọbìnrin kan ní kíláàsì wa ló sọ fún mi pé bí mo bá rí adápítọ̀ kékeré kan tó bá ihò náà mu, tí mo sì fi ètò kan sínú ẹ̀rọ náà, á máa fọhùn sí mi létí. Mo ní irọ́ ló ń pa. Ó ki okùn etí rẹ̀ bọ etí mi, mo gbọ́ ìlù àti ohùn ọkùnrin kan tó ń pariwo nínú òjò, ó sì rẹ́rìn-ín mi títí aago fi lù.

Ẹ̀rọ náà kò mọ ohùn kankan o. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe kò ju kí ó tan wáyà kí ó tún pa á. Bó bá ṣe ń tàn án tó ń pa á kíákíá ni etí èèyàn ń gbà pé ohùn ni. Ṣùgbọ́n kí ó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú ohùn náà lọ sórí kọ̀ǹpútà, kí ó gé e kúrú, kí ó yọ púpọ̀ nínú rẹ̀ dànù, kí ó tún yọ díẹ̀ sí i, títí tí ìyókù yóò fi tín-ín-rín tó ohun tí ẹ̀rọ náà lè gbé mì. Lẹ́yìn náà ni yóò wá yí i padà sí irú fáìlì tí ẹ̀rọ náà mọ̀. Àyè inú rẹ̀ há. Odindi orin kan kò lè wọ̀ ọ́. Gbogbo ohun tí èmi rí fún mọ́ ọn, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi ń gé tí mo ń yọ lórí kọ̀ǹpútà ilé-ìwé, kò ju ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá lọ.

Ohùn ìyá àgbà mi ni mo fi síbẹ̀, ìyá tó bí Mọ́mì.

N kò ní ìdí rere kan tí mo fi mú tirẹ̀. Mò ń wá ohùn tó kúrú ni. Ìyá àgbà ń gbé ní Ìjẹ̀bú, gbogbo ọjọ́ Àìkú ló sì máa ń gba ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù Mọ́mì. Kí ó tó béèrè òtútù, kí ó tó béèrè oúnjẹ, oríkì Mọ́mì ni yóò kọ́kọ́ pè, yóò fà á, yóò tún un pè, yóò wá fi ìkíni kan tẹ̀ lé e tí wọ́n máa ń kí ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń wẹ̀. Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mọ́mì tí mo mọ̀, bó bá dúró sẹ́nu géètì tó pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan, àwọn ọmọ aládùúgbò pàápàá á sáré wọlé. Pé ẹnì kan wà láyé tó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọ kékeré, ìyẹn ya ẹlẹ́rù bíi tèmi lẹ́nu. Mo fi fíláàṣì gbé ọ̀kan lára àwọn ohùn náà lọ sílé-ìwé. Oríkì àti ìkíni yẹn ló wọ inú ẹ̀rọ náà. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé wọn kò wọ̀ ọ́, mo gé wọn sọnù, n kò sì ka ìyẹn sí nǹkan. Oríkì náà, n kò ní kọ ọ́ síbí. Kì í ṣe tèmi láti pè.

Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn ni Mọ́mì ra fóònù tuntun. Ní ilé wa, fóònù àtijọ́ kì í kú sí London. Ilé ló ń lọ. Nígbàkúùgbà, ẹnì kan ń rìnrìn àjò, ẹni náà sì máa ń ní àyè díẹ̀ ní igun àpótí rẹ̀. Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ń lọ lọ́jọ́ Ajé, àbúrò Mọ́mì ló sì máa gba fóònù náà ní Ìjẹ̀bú. Nítorí náà lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, Mọ́mì kó fóònù méjèèjì lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n kó gbogbo ohun tó wà nínú àtijọ́ sínú tuntun, kí n sì pa àtijọ́ rẹ́ pátápátá, kí àbúrò òun má baà máa fi fọ́tò òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Fọ́tò kọjá, nọ́ńbà kọjá. Nígbà tó kan àwọn ọ̀rọ̀ àti ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́, fóònù náà bi mí ní ìbéèrè kan. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń dúró dè mí ní Heathway, a fẹ́ lọ jẹ ṣíìpù, ọ̀dùnkún díndín, ìbéèrè náà sì gùn. Mo tẹ rárá. Lẹ́yìn náà mo pa fóònù àtijọ́ rẹ́. Kò pẹ́ tó kí ẹyin jinná.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, fóònù dún láàárọ̀ kùtù. Ìyá àgbà ti kú lójú oorun. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, fóònù tirẹ̀ bàjẹ́, kò rí ohùn kankan gbà ránṣẹ́. Fóònù aládùúgbò ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Mọ́mì lọ sin ìyá rẹ̀, ó padà dé ní oṣù kìíní. Ó rù. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì tó dé, ó pè mí sí kíṣìnì, ó gbé fóònù tuntun náà sórí tábìlì, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ó ní, “Mi ò tíì lè gbọ́ àwọn voice note Màámi. Ọkàn mi ò tíì gbé e. Jẹ́ ká fi í sílẹ̀ títí o máa fi parí exam ẹ. Ọjọ́ yẹn gan-an, èmi àti ẹ la jọ máa jókòó gbọ́ gbogbo ẹ̀.”

Mo ní, “Ẹ ṣeun, mà.” Ohun tó jáde lẹ́nu mi nìyẹn. Mo gun òkè lọ sí yàrá mi, mo wá fíláàṣì mi, mo rí i pé mo ti pa ohun inú rẹ̀ rẹ́ láti fi ṣe iṣẹ́ kíláàsì mìíràn. Kọ̀ǹpútà ilé-ìwé ti fọ ara rẹ̀ mọ́ ní ìparí táàmù. Ohun tó kù láyé nínú ohùn ìyá àgbà mi kò ju ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá lọ, inú ẹ̀rọ tí mo fi ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá ló sì wà.

Ẹ óò ní kí ni mo wá dúró dè, kí ló dé tí n kò yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ kíá, kí n sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ̀rù ni. Ní oṣù kejì mo gbìyànjú láti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Ojú ẹ̀rọ náà dúdú, ó gan pa, kò gbọ́ bọ́tìnnì kankan mọ́. Mo yọ bátìrì kan, mo dá a padà, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń ka Sáàmù kẹtàlélógún, n kò sì mọ ìlà tó kàn. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, tí mo rí orúkọ fáìlì náà níbi tó wà tẹ́lẹ̀, omi bọ́ lójú mi. Láti ọjọ́ yẹn n kò fọwọ́ kan ibẹ̀ mọ́. Wáyà tó lè so ẹ̀rọ náà mọ́ kọ̀ǹpútà sì ń bẹ nínú kọ́bọ́ọ̀dù olùkọ́ ìṣirò wa, ọkùnrin gíga kan tí kì í pariwo. Òun ló ti ká mi mọ́ pẹ̀lú okùn etí nínú kíláàsì rẹ̀, tó sì sọ jẹ́jẹ́ pé bí òun bá tún rí ohun tí kì í ṣe ìṣirò nínú ẹ̀rọ yẹn, òun fúnra òun lòun máa pa á rẹ́. Mo gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Mo ń sọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa lọ bẹ̀ ẹ́.

Báyìí ni oṣù kẹfà ṣe ká mi mọ́. Ìdánwò ìṣirò ni mo máa fi kásẹ̀ gbogbo ìdánwò mi nílẹ̀, lọ́jọ́ Ẹtì kan. Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, olùkọ́ náà sọ fún gbogbo wa pé òfin ìdánwò ni pé nǹkan kan kò gbọdọ̀ sí nínú ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni. Òun máa dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, òun máa gba ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, òun máa fi ọwọ́ ara òun pa ohun inú rẹ̀ rẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun ti pa á rẹ́ nílé. Mo pinnu pé lọ́jọ́ Ajé, bí ilẹ̀ bá ṣe mọ́, màá wólẹ̀ fún un nítorí wáyà yẹn.

Àmọ́ Àìkú ló máa ń ṣáájú Ajé, Àìkú yẹn sì ni àdúrà àwọn tó fẹ́ ṣèdánwò ní ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Aládùúrà ni wá. Gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn ilé àwọn tó ń ta táyà, ní apá Whalebone, ni a ti ń jọ́sìn. A ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, a ń wọ sùtánà. Mọ́mì ní àga tirẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ògiri, nítorí orúnkún rẹ̀. Gbígbé àwọn arúgbó láti bẹ́ẹ̀dì sórí àga níbi iṣẹ́ rẹ̀ ló ba orúnkún náà jẹ́, ó sì ti lé ní ọdún méjì tí kò ti kúnlẹ̀. Bí gbogbo ìjọ bá kúnlẹ̀, òun á jókòó, á tẹ orí ba, mo sì mọ̀ pé ojú ń tì í. Ó kórìíra àga yẹn.

Ìyá Wòlíì, tó ń darí àdúrà lọ́jọ́ náà, ní kí gbogbo ọmọ tó fẹ́ ṣèdánwò gbé ohun ìkọ̀wé wọn wá síwájú pẹpẹ. Àwọn yòókù mú bírò méjì, rúlà kan. Èmi náà mú bírò. Mọ́mì ti àga rẹ̀ nà ọwọ́ sínú báàgì mi, ó yọ ẹ̀rọ ìṣirò náà kúrò nínú àpò ṣẹ̀nílì rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ó sì ń tiro lọ sí iwájú kí n tó mọ ohun tí mo lè sọ. Ìyá Wòlíì da òróró sí i. Kì í ṣe ẹ̀kán kan. Bó ṣe máa ń da á sórí èèyàn ló ṣe dà á, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ ra á wọ àárín àwọn bọ́tìnnì. Ó ní ọjọ́ méje ni wọ́n máa fi wà lórí pẹpẹ. Mọ́mì ní ọjọ́ Ẹtì ni ìdánwò mi. Wọ́n fi ẹnu kò sí àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Mọ́mì sì máa fúnra rẹ̀ wá gbé e.

Mo dúró síbẹ̀ láìní bàtà lẹ́sẹ̀, mo ń wo òróró tó ń ṣàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ tí ihò yẹn wà. Bí mo bá pariwo, wọ́n á béèrè ìdí. N kò pariwo.

Lọ́jọ́rú mo jáde nílé-ìwé, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti ro gbogbo ohun tí mo máa sọ. Ohun kan ṣoṣo tí n kò rò ni pé nǹkan oṣù mi bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, obìnrin tó bá sì ń ṣe nǹkan oṣù kì í wọ ilé àdúrà wa. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Mo ń rí ẹ̀rọ náà lórí pẹpẹ, lórí aṣọ funfun, láàárín àbẹ́là méjì tí wọn kò tíì tàn. Ó ń dán. Mo fojú wọn ọ̀nà náà, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́jọ lọ. Bí mo bá wọlé, ta ni yóò mọ̀? Èmi á mọ̀, Ọlọ́run á sì mọ̀, kí n sì tún lọ ṣèdánwò lẹ́yìn ìyẹn. Ẹsẹ̀ mi kọ̀, kò gbéra.

Ìyá Wòlíì ń gbálẹ̀ nínú. Ó rí mi, ó ní kí ló dé tí n kò wọlé. Mo kúnlẹ̀ sórí kọnkéré níta, mo sọ ìdí rẹ̀ fún un. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi gbé ẹ̀rọ náà jáde, mo ní mo fẹ́ fi kàwé. Ó fi ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó wo ojú mi.

Ó ní, “Friday ni màmá ẹ bá wa sọ. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí ò ń fi pa mọ́ fún un. Sọ fún un kí nǹkan náà tó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́.”

Lónìí mo mọ̀ pé kò sí ọmọ ọdún méjìdínlógún kan láyé tí èèyàn kò lè wo ojú rẹ̀ kó sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún, kó sì bà á. Lọ́jọ́ náà, n kò mọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ìyá àgbà fẹ́ fọhùn láti orí pẹpẹ. Mo dìde. Mo ní ẹ ṣeun, mà, mo sì fẹsẹ̀ rìn dé ilé, nítorí n kò fẹ́ kí èrò inú bọ́ọ̀sì máa wo ẹkún mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Mọ́mì ti ibi iṣẹ́ gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ, ó sì pàdé mi ní ibùdókọ̀ ní Heathway. Yúnífọ́ọ̀mù iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Fóònù náà wà nínú àpò àyà rẹ̀, níbi tó máa ń wà. Ó gbé ẹ̀rọ ìṣirò náà lé mi lọ́wọ́ nínú aṣọ funfun, ó fi ìka tó ní òróró kan iwájú orí mi, ó ní wọ́n ti gbàdúrà sí i tán. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun máa se ìrẹsì, kí n má yà síbì kankan, nítorí òun àti èmi ní àdéhùn pẹ̀lú Màámi lọ́sàn-án òní. Nínú bọ́ọ̀sì, mo gbé báàgì mọ́ àyà.

Ìlà gùn lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Olùkọ́ náà dúró síbẹ̀ bó ṣe wí. Yóò gba ẹ̀rọ, yóò tẹ bọ́tìnnì mẹ́rin, yóò dá a padà. Kò gbà á ju mímí ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ọmọbìnrin tó kọ́ mi ní gbogbo nǹkan yìí wà níwájú mi. Wọ́n pa gbogbo orin rẹ̀ rẹ́, ó gbé èjìká sókè, ó wọlé. Ó kàn mí. Olùkọ́ na ọwọ́.

Mo ní mo gbàgbé tèmi sílé.

Ó mọ ẹ̀rọ náà, ó ti rí i lọ́wọ́ mi fún ọdún méjì. Ó wo báàgì mi, ó wo òróró tó wà níwájú orí mi, ó wá béèrè lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́ bóyá mo mọ̀ pé àwọn ìbéèrè kan wà lónìí tí ẹ̀rọ kékeré kò lè ràn mí lọ́wọ́ lé lórí. Mo ní mo mọ̀, sà. Ó mú ẹ̀rọ ìṣirò kékeré kan nínú páálí, ó fún mi. Báàgì wa wà nílẹ̀ lẹ́yìn gbọ̀ngàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Gbogbo àsìkò ìdánwò yẹn ni mo fi ń fi ẹ̀yìn gbọ́ báàgì náà, tí mò ń dúró de ẹni tí yóò kàn mí léjìká pé kí ni mo gbé pa mọ́ síbẹ̀. Mo fọwọ́ ya ìlà tó yẹ kí ẹ̀rọ yà fún mi, ó sì wọ́. Máàkì tí mo gbà lẹ́yìn náà kò burú jù, kò sì tó ohun tí Mọ́mì ń retí.

Nígbà tí mo délé, òórùn ata díndín kún ilé. Mọ́mì ti wẹ̀, ó ti wé gèlè kékeré kan, bí ẹni tó ń retí àlejò. Fóònù náà wà lórí tábìlì kíṣìnì, ó fi í ti agolo iyọ̀. Ó fa àga kan fún mi.

Mo ní, “Mọ́mì, ẹ má tíì ṣí i.”

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Fóònù àtijọ́, ìbéèrè tí mo tẹ rárá sí, ṣíìpù tí mo ń sáré lọ jẹ. N kò jókòó. Mò ń wo ilẹ̀ kíṣìnì, mo ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Nígbà tí mo parí, mo dúró de ariwo. Mo ti ń dúró dè é láti oṣù kìíní, mo tilẹ̀ ti ń fẹ́ ẹ. Mọ́mì na ọwọ́, ó pa gáàsì.

Ó ní, “O wá jẹ́ kí n máa gbé òfìfo kiri láyà.”

Ìgbà yẹn ni mo rántí àpò yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, àti bó ṣe máa ń fọwọ́ kan ibẹ̀ lójú ọ̀nà. Kò sí ẹgba kan tó lè dùn mí tó ọ̀rọ̀ yẹn. Mo yọ ẹ̀rọ náà jáde nínú aṣọ funfun, mo ní èyí ló kù, kò pọ̀, mọ́kànlá péré ni. Ó béèrè ohun tí ìyá rẹ̀ sọ nínú rẹ̀. Mo la ẹnu, n kò lè sọ ọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dúró níwájú ìyá mi kí n pe oríkì rẹ̀ sí i létí?

Mo ní, “Orúkọ yín ni, mà. Èyí tí Ìyá Àgbà fi ń pè yín.”

Ó fi àwọn okùn náà sí etí rẹ̀ méjèèjì. Mo ki adápítọ̀ bọ ihò, mo tẹ̀ ẹ́. Kò sí nǹkan kan. Mo tún un tẹ̀. Mọ́mì ń wò mí. Mo fa adápítọ̀ yọ, òróró bá a jáde. Mo lọ́ igun aṣọ funfun náà, mo kì í bọ inú ihò, mo fi nù ún, mo tún un nù. Mo wá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ìlà dúdú kan sì bẹ̀rẹ̀ sí rìn lọ lójú rẹ̀. Ó ń fọhùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń dún, nítorí ẹ̀rù tó kù mí kù nìyẹn. Ó ń dún bí ẹ̀pà tí wọ́n ń yan nínú yanrìn. Mo ti yọ ohun tó pọ̀ jù kúrò nínú ohùn ìyá àgbà. Ohun tó ṣẹ́kù kò ju bó ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ lọ. Èmi mọ̀ ọ́n nítorí pé èmi ni mo gé e. Mo rò pé Mọ́mì á yọ okùn náà létí, á ní ariwo kí nìyí. Mo ń kà á lọ́kàn. Nígbà tó di mẹ́rin, ó di etí tábìlì mú. Mo rò pé òòyì ń kọ́ ọ, mo fẹ́ gbá a mú. Ó fi ọwọ́ kan tì mí sẹ́yìn, ó ti àga kúrò, ó sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orúnkún rere lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà èyí tó ń dùn ún, títí méjèèjì fi kan ilẹ̀ kíṣìnì wa.

Ó ní, “Màámi.”

Mo ka mọ́kànlá. Ìlà dúdú dé òpin, ó dúró. Mọ́mì kò kúrò níbẹ̀. Ó tẹ orí ba, ó gbé ọwọ́ sórí itan, òógùn ìrora sì ti yọ níwájú orí rẹ̀. Mo ní, “Mọ́mì, ó ti parí. Ẹ dìde, orúnkún yín.”

Ó mi orí. Ó ní, “Kò tíì ní kí n dìde.”

Mo wá rántí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí kò wọ inú ẹ̀rọ náà, tí mo gé sọnù lórí kọ̀ǹpútà ilé-ìwé. Gbogbo ọjọ́ Àìkú, bí ìyá àgbà bá ti pe oríkì tó kí i tán, á fi ẹ̀rín sí i, á ní, “Dìde, ọmọ mi,” bí ẹni pé ó ń rí i ní Ìjẹ̀bú lọ́hùn-ún pé ọmọ òun ti kúnlẹ̀ ní London. N kò lè sọ ọ́ fún un. Ọmọ rẹ̀ ni mí.

Ó ní kí n tún un tẹ̀. Mo tún un tẹ̀, mo sì kúnlẹ̀ tì í, nítorí kò sí ẹni tó máa ní kí àwa méjèèjì dìde.